Ṣé Ẹ Wò Ó Lóòótọ́? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Fi Ń Wo Dókítà Tó Ń Kọ́ṣẹ́, Tí A Sì Fi Ń Jábọ̀ Fún Un

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó kọ fọ́ọ̀mù ìparí oṣù mẹ́ta fún dókítà kan tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi. Mo kọ ọ́ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò, pé ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, pé kò níṣòro kankan. Ó kà á, ó dúpẹ́, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ rí mi níbi tí mo ti ń yẹ aláìsàn wò?" Mo rò ó títí. Kò sí ọjọ́ kankan. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bó ṣe ń ròyìn aláìsàn fún wa láàárọ̀ àti ohun tó ń kọ sínú fáìlì. Ẹnu rẹ̀ àti bírò rẹ̀ ni mo fún ní máàkì, ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń fi irinṣẹ́ wéra. Wọ́n pọ̀, orúkọ gígé ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́, ó sì rọrùn kí ènìyàn mú èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. "Àbọ̀" ni mo máa pe ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wo iṣẹ́ ń padà wá sọ fún ẹni tó ṣe é. Mo mọ̀ pé bákan náà là ń pe ìdajì. Màá padà sórí ìyẹn.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ní 1990, George Miller, olùkọ́ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, to iṣẹ́ dókítà ní ìpele mẹ́rin bíi pírámíìdì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni pé ó mọ nǹkan náà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, ó lè ṣe é kí ènìyàn rí i. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ni ohun tó ń ṣe gan-an lójoojúmọ́, pẹ̀lú aláìsàn gidi, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ tí fóònù sì ń dún lápò rẹ̀. Ìdánwò orí ìwé kì í kọjá ìpele méjì ìsàlẹ̀. Ẹni tó lè ka gbogbo ohun tó ń fa àyà dídùn lórí lè má tíì gbọ́wọ́ lé àyà aláìsàn bó ṣe yẹ rí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé èwo ló dára jù nínú àwọn fọ́ọ̀mù yìí, ìbéèrè ni mo fi ń dáhùn: ìpele wo lẹ fẹ́ dé?

## OSCE àbí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn?

Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, ló gbé OSCE, ìdánwò oníbùdó fún iṣẹ́ dókítà, jáde ní 1975. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, agogo á dún, iṣẹ́ kan náà á kan gbogbo wọn, ìwé máàkì kan náà á sì wà lọ́wọ́ olùdánwò. Kí ó tó dé, orí ló ń yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà: ẹnì kan á bá aláìsàn tó ń sọ̀rọ̀ geere àti olùdánwò onínú rere pàdé, ẹnì kejì á bá èyí tí kò fẹ́ la ẹnu àti ọ̀gá tí inú ń bí. OSCE mú ìdọ́gba wá. Ó tún wúlò fún ohun tí a kò lè dúró dè nínú wọ́ọ̀dù, bíi ọmọdé tí èémí rẹ̀ fẹ́ dá. Kò sẹ́ni tó yẹ kó kọ́kọ́ dán ìyẹn wò lára ọmọ ènìyàn.

Àmọ́ ìpele kẹta ni ó mọ. Dókítà mọ̀ pé ojú wà lára òun, ó sì ń ṣe ohun tí ìwé máàkì fẹ́. Mo ti rí ẹni tó ń wí "ẹ pẹ̀lẹ́" ní gbogbo ibùdó láìwo ojú ẹni tó ń kí, nítorí máàkì kan wà fún ìkíni. Bí ẹ bá fẹ́ pinnu ẹni tó yege láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, OSCE ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí dókítà kan sunwọ̀n sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni kí ẹ lọ.

## Aláìsàn kan fún wákàtí méjì, àbí púpọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀?

Tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn tó ń kọ́ dókítà inú ara ní Amẹ́ríkà ń lò ni CEX: dókítà àgbà kan á wo dókítà kan pẹ̀lú aláìsàn kan, láti orí dé ẹsẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ó dùn mọ́ ènìyàn nínú, torí pé ó jọ iṣẹ́ tó kún. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ti àrùn ọkàn dáadáa lónìí lè sọnù pátápátá lọ́wọ́ aláìsàn onítọ̀ ṣúgà lọ́la. Aláìsàn kan kò lè jẹ́rìí fún gbogbo aláìsàn. Ojú kan kò sì tó: ohun tó ń bí ọ̀gá kan nínú, ọ̀gá kejì lè má rí i rárá.

Ní 1995, John Norcini àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé mini-CEX jáde. Ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-lógún sí ogún, àbọ̀ wíwí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe léraléra láàárín ọdún, pẹ̀lú aláìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti olùwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kò ní kí ẹ wo gbogbo nǹkan. Lónìí, bó ṣe ń gba ìtàn àìsàn nìkan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó ṣe ń ṣàlàyé oògùn nígbà tí aláìsàn ń lọ sílé.

Níbí, mi ò ní dúró láàárín: èyí kékeré tó pọ̀ ni kí ẹ mú. Kí ẹ kàn ṣọ́ra fún àléébù kan tí mo ti bá pàdé níbi gbogbo. Wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, dókítà á wá máa sáré kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mẹ́fà, ọ̀gá á máa bu ọwọ́ lù wọ́n lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Fọ́ọ̀mù tí a kọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí a rí mọ́.

Àwọn mẹ́rin tí ẹ máa bá pàdé jù nìyí (DOPS ni wíwo iṣẹ́ ọwọ́ ní tààràtà, CBD ni ìjíròrò lórí aláìsàn kan, MSF ni àbọ̀ láti ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn):

| | Mini-CEX | DOPS | CBD | MSF |
|---|---|---|---|---|
| Kí là ń wò? | Dókítà pẹ̀lú aláìsàn | Ọwọ́, níbi iṣẹ́ kan pàtó | Ìrònú tó wà lẹ́yìn ìpinnu | Ìwà àti àjọṣe láàárín oṣù mélòó kan |
| Ta ló ń wò? | Dókítà tó jù ú lọ | Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, nọ́ọ̀sì pẹ̀lú | Dókítà àgbà | Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ |
| Ṣé aláìsàn wà níbẹ̀? | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá, fáìlì rẹ̀ ni | Rárá |
| Kí ni kì í fi hàn? | Ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó | Bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà rárá | Bó ṣe fọwọ́ kan aláìsàn | Ohun tó ṣe fún aláìsàn kan pàtó |

DOPS ni ẹ máa lò fún ohun tí ọwọ́ ń ṣe: wíwá iṣan, fífi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn, rírán ojú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣì ń fi ìwé tí wọ́n ń ka iye iṣẹ́ sí dípò rẹ̀: "Mo ti ṣe ogójì." Ogójì tí kò sẹ́ni tó wò lè jẹ́ àṣìṣe kan náà nígbà ogójì. Ohun tí mo sì máa ń rí nínú DOPS tí ìwé iye iṣẹ́ kò lè fi hàn kì í ṣe bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni: ṣé ó ṣàlàyé fún aláìsàn kó tó gba ìyọ̀ǹda, ṣé ó dúró kí oògùn tó ń pa ìrora ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé ó mọ ìgbà tó yẹ kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó pe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tó bá ti gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò rí nǹkan, ohun tó bá ṣe níbẹ̀ ló ń sọ irú dókítà tó jẹ́ fún mi.

CBD dára fún ọ̀rọ̀ tó ti kọjá. Ẹ gbé fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: "Kí ló mú ọ yan oògùn yìí lóru yẹn? Ká ní ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ńkọ́?" Ẹ má lò ó láti ṣèdájọ́ ọwọ́. Àṣìṣe tí mo ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

MSF ń kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, apòògùn òyìnbó, akọ̀wé, àti dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ ohun tí ọ̀gá kì í rí láéláé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ bí wọ́n ṣe ń hùwà níwájú ọ̀gá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí dókítà náà nìkan yan àwọn tó máa kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ má sì ju ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹnì kan nínú méjìlá á ti kọ gbólóhùn kan tó gún un, ìyẹn nìkan ló sì máa rántí.

## Máàkì àbí ọ̀rọ̀?

Mini-CEX àkọ́kọ́ ní máàkì láti 1 dé 9. Ní ti ìwé, 4 sí 6 ti tó. Ní ti ìṣe, ẹ fún dókítà kan ní 5 kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń gba 7 tàbí 8, tí ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kò sì yàtọ̀ mọ́ sí ẹni tó ti gbówọ́. Ọ̀gá kò fẹ́ wàhálà, kò fẹ́ kọ lẹ́tà, ó sì rò pé ọ̀gá tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun á sọ ọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí a béèrè nípa ìfọkàntán dípò ìníye. Olle ten Cate, ní ilẹ̀ Netherlands, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 2005: iṣẹ́ wo ni mo lè fi sílẹ̀ fún un, báwo ni mo sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó? Ó lè wò nìkan. Ó lè ṣe é bí mo bá dúró tì í. Ó lè ṣe é bí mo bá wà nítòsí. Ó lè dá a ṣe. Ó lè kọ́ ẹlòmíràn. Fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà fún iṣẹ́ abẹ, O-SCORE, sọ ọ́ lọ́nà tí mo fẹ́ràn jù: láti "èmi ni mo ṣe é" dé "kò yẹ kí n tiẹ̀ wà níbẹ̀."

Dókítà tó máa bínú sí 5 kì í bínú sí "mo ní láti sọ fún un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan", torí àwa méjèèjì la wà níbẹ̀. Fún ìdí yìí, ìfọkàntán ni mo yàn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan lẹ ń wá, ẹ yọ máàkì kúrò pátápátá. Ètò Foundation Programme ti UK, fún àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tẹ̀ sí ọ̀nà yẹn ní 2012, nígbà tí wọ́n sọ púpọ̀ nínú àwọn fọ́ọ̀mù yìí di ìpàdé ẹ̀kọ́ dípò ìdánwò kékeré. Mo rò pé wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Dókítà kì í fi ibi tó ti ń dùn ún han ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

## Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí, lẹ́yìn tí wọ́n ti wò dáadáa.

Òwe wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Níbi ìkọ́ṣẹ́ dókítà, òwe yẹn ń pa wá lára. Mo ti sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí, ó dé inú rẹ̀, ó di odidi òmíràn. Mo ní "máa fara balẹ̀ díẹ̀," ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu aláìsàn. Òun gbọ́ pé òun ń rìn yára jù nínú wọ́ọ̀dù. Ó sì fi oṣù kan rìn jẹ́jẹ́.

Jack Ende, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1983 pé àbọ̀ yàtọ̀ sí ìdájọ́: kó jẹ́ nípa ohun tí ẹ fojú ara yín rí, kó jẹ́ nípa ìṣe, kó má jẹ́ nípa èrò tí ẹ rò pé ó wà lọ́kàn ẹni náà, kí ẹni náà sì ti máa retí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni fúnra rẹ̀ léwu. Ní 1996, àwọn olùwádìí méjì, Kluger àti DeNisi, kó àbájáde 607 jọ láti inú ìwádìí nípa àbọ̀ níbi iṣẹ́ oríṣiríṣi. Lápapọ̀ ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ nínú èyí tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni iṣẹ́ ẹni tó gbọ́ àbọ̀ burú sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń kúrò lórí iṣẹ́ tó ń bọ́ sórí "irú ènìyàn wo ni ẹ́" ló ń burú tó.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọ̀nà wéra. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà búrẹ́dì: ìyìn, àtúnṣe, ìyìn. Ó rọrùn láti rántí, mo sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ọgbọ́n náà kì í gbọ́ ìyìn kìíní torí ó ń dúró de ọ̀rọ̀ líle, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé ìyìn méjèèjì lọ sílé.

Ọ̀nà Pendleton, ti 1984, dára jù ú lọ. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń sọ ohun tó lọ dáadáa, olùwò á fi tirẹ̀ kún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ohun tó lè yàtọ̀ nígbà mìíràn, dókítà náà ló tún máa ṣáájú. Ó ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Fún ẹgbẹ́, níbi tí ènìyàn mẹ́fà ti ń wo fídíò ẹnì kan, òun ni mo máa ń lò, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣeré. Àmọ́ ó le bí ìlànà ilé ìjọsìn. Bí dókítà bá ti mọ̀ pé òun ṣi oògùn fún, tí ìyẹn nìkan ló sì wà lọ́kàn rẹ̀, kí la fẹ́ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún yin ìkíni rẹ̀ fún?

Èyí tí mo ń lò lójoojúmọ́ ni béèrè, sọ, tún béèrè. Ó máa ń lọ báyìí:

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Ọ̀gá, mo rò pé mo gba ìtàn wọn dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò kejì, ojú wọn yí padà, n kò sì mọ ohun tí mo tún lè sọ."

"Èmi náà rí i. O dárúkọ jẹjẹrẹ, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà dákẹ́, wọ́n ń fọwọ́ fa etí aṣọ wọn. Kí lo rò pé wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n á rò pé mo ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni."

"Tó o bá tún padà wọlé báyìí, kí lo máa ṣe?"

"Màá bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn wọn, kí n tó gbé bírò."

"Ó dáa. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lọ́jọ́bọ̀. Màá jókòó tì ọ́."

Ẹ wò ó pé mi ò sọ pé kò láàánú. Bírò àti etí aṣọ ni mo sọ, ohun tí ojú rí. Ìyìn náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: "o káre" kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan, "o dúró kí bàbá yẹn parí ọ̀rọ̀ wọn, ìyẹn ni wọ́n fi dárúkọ oògùn kejì" ló ń kọ́ni.

Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́, tí dókítà kàn wá ròyìn aláìsàn fún yín? One-Minute Preceptor (olùkọ́ oníṣẹ́jú kan), tí Neher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1992, ni kí ẹ mú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá ohun tó rò lé, ẹ béèrè ẹ̀rí rẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní ìlànà kan tó kan àwọn aláìsàn mìíràn, ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa, ẹ tún èyí tó ṣì ṣe. Ó ju ìṣẹ́jú kan lọ o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Kì í sì í rọ́pò wíwò. Fún ìwé MSF tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, R2C2, ọ̀nà ìjábọ̀ kan tí Joan Sargeant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 2015 ló yẹ, nítorí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ẹni náà kí wọ́n tó wọnú ọ̀rọ̀ gan-an.

## Níbo lẹ máa jókòó?

Bí ẹ bá jókòó nínú yàrá, ẹ jókòó sí igun tí aláìsàn kò ti ní máa wo yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún aláìsàn ẹni tí ẹ jẹ́ àti ìdí tí ẹ fi wà níbẹ̀. Ẹ pa ẹnu mọ́, ó le ju bí ó ṣe ń dún lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú yín sọ̀rọ̀ ni ewu: bí oògùn tó ń kọ bá lè pa aláìsàn lára, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ á tẹ̀ lé e.

Fídíò ní àǹfààní kan tí ẹnu yín kò lè ní: dókítà á fojú ara rẹ̀ rí i pé kọ̀ǹpútà ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó gba ìyọ̀ǹda aláìsàn ní kíkọ, ó gba ibi ìpamọ́ tó dájú, kò sì bójú mu nígbà tí aláìsàn bá bọ́ṣọ. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ lo fídíò. Fún yíyẹ ara wò, ẹ wọlé.

Ní ti dókítà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kí aláìsàn dáadáa, ó fọwọ́, ó gba ìtàn rẹ̀ létòlétò. Lẹ́yìn náà ló gbé irinṣẹ́ ìgbọ́yà sórí aṣọ aláìsàn, ó sì gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti orí aṣọ náà, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo bi í nígbà tí a jáde. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe é látìgbà tí òun ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bá òun sọ ọ́ rí. Ìṣẹ́jú méjì la fi yanjú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù mi tó ní kò níṣòro kankan ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀.